Ta ló ni ẹsẹ̀ sárésáré? Ìtàn bàtà, owó àti ìwé àdéhùn

1/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba Orè kọjá rí, ẹ dá mi lóhùn: ta lẹ rí tó ń sáré jù níbẹ̀? Kì í ṣe dírẹ́bà o. Ọmọ tó gbé ìpékeré lórí ni. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ Benin ti ń rọra gbéra, èrò ti na owó jáde lójú wíńdò, ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ gba owó, kó na ọjà, kó tún wá ṣéńjì kí mọ́tò tó fi eré sí i. Tí kò bá lé e bá, ó gbé nìyẹn.

2/
Ẹ má fojú kéré eré yẹn. Òun ló mú mi ronú nípa àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ jẹun ní tòótọ́, àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn: kìlómítà 10, 21, 42. A máa ń rí wọn lórí tẹlifíṣàn pẹ̀lú bàtà tó ń dán, a ó ní "àwọn wọ̀nyí ti lówó." Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó yẹn ṣe ń wọlé fún wọn, àti bí wọ́n ṣe ń gé e.

3/
Lọ́dọ̀ wa ní Orè àti Òdìgbò, àwọn àgbà ṣì máa ń sọ pé "Ó le kú, ìjà Orè." Ogun abẹ́lé ni wọ́n ń sọ, oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba agbègbè Midwest kọjá títí wọ́n fi dé Orè, tí ìjà sì gbóná níbẹ̀. Ìjà tí mo fẹ́ sọ lónìí ò ní ìbọn. Bébà àti bírò ni wọ́n fi ń jà á. Àmọ́ ó le. Ẹ jókòó, ó gùn díẹ̀ 🧵

4/
Ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí owó jẹ́ èèwọ̀. Láyé àtijọ́, òfin eré sísá àgbáyé ni pé ẹni tó bá gbowó nítorí eré ò lè bá àwọn yòókù sá a mọ́. Wọ́n ní eré gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìfẹ́ nìkan. Ó dùn létí, àbí? Ó dùn létí fún ẹni tí bàbá rẹ̀ lówó. Ọmọ tálákà tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun ńkọ́?

5/
Ẹ wo Paavo Nurmi, ọmọ ilẹ̀ Finland. Wúrà mẹ́sàn-án ló gbà ní Olympics. Mẹ́sàn-án o! Lọ́dún 1932, ó ti dé Los Angeles, ó ń múra láti sá eré márátọ́ọ̀nù, ni wọ́n bá ní kò gbọ́dọ̀ sá a. Ẹ̀sùn wo? Wọ́n ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ tó gbà nígbà tó lọ sáré ní Jámánì ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí iṣẹ́ ọkùnrin yẹn ní Olympics ṣe parí nìyẹn.

6/
Ọdún 1960, Abebe Bikila, ọmọ ogun láti Etiópíà, sá márátọ́ọ̀nù Olympics ní Róòmù láìwọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán, kìlómítà 42, lórí òkúta Róòmù. Ó gba wúrà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó lọ sáré ní Osaka, ní Japan. Kihachiro Onitsuka, ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ bàtà tí a ń pè ní Asics lónìí, wá a lọ, ó sì rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà láti wọ bàtà rẹ̀. Bikila wọ̀ ọ́, ó sì borí.

7/
Ẹ rí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ yẹn? Ilé iṣẹ́ bàtà ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ olúborí ló dára jù láti fi polówó ọjà. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ńkọ́? Òfin ní kò gbọ́dọ̀ jèrè. Alábàtà ń tà, aṣètò ìdíje ń rówó, tẹlifíṣàn ń rówó. Sárésáré nìkan ló ń "ṣe é nítorí ìfẹ́." Nígbà tó yá, owó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn kọjá, nínú àpò ìwé. Gbogbo ayé mọ̀, gbogbo ayé dákẹ́.

8/
Ọdún 1981 ni nǹkan bẹ́. Ní Portland ní Amẹ́ríkà, eré kìlómítà 15 kan wà tí wọ́n ń pè ní Cascade Run Off. Àwọn sárésáré kan ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn máa gbowó ní gbangba, lójú gbogbo ènìyàn. Anne Audain, ọmọ New Zealand, ló borí nínú àwọn obìnrin. Ó gba 10,000 dọ́là. Kíá, wọ́n fòfin dè é. Àmọ́ wọn ò lè dá gbogbo wọn dúró. Wọ́n gbà á padà, ó sì gba wúrà ní ìdíje Commonwealth ní Brisbane lọ́dún 1982.

9/
Ọdún 1982 yẹn náà ni àjọ eré sísá àgbáyé gbà kí owó máa wọlé fún sárésáré, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ sínú àpò ìfowópamọ́ kan tí àjọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń mójú tó. Nígbà tó di 1986, Boston, márátọ́ọ̀nù tó ti wà láti 1897, bẹ̀rẹ̀ sí í san ẹ̀bùn owó, nítorí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò John Hancock ti di onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí owó ṣe jáde sí gbangba nìyẹn.

10/
Ẹ ó ní, ìyà ti parí nìyẹn. Rárá o. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Torí owó ti di òótọ́, ìbéèrè tó kù ni: ta ló ń san án, kí sì ni ó ń gbà padà?

11/
Agbábọ́ọ̀lù ní kílọ́ọ̀bù tó ń sanwó oṣù. Sárésáré ò ní. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó rẹ̀ sábà máa ń gbà wọlé. Èkínní, ẹ̀bùn: tó o bá borí, o gbà á, tó o bá ṣe ìkejìlá, o lè lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Èkejì, owó ìkésíni tí aṣètò ìdíje ńlá ń san kí gbajúmọ̀ lè wá. Ẹ̀kẹta, owó ilé iṣẹ́ bàtà. Èyí ẹ̀kẹta nìkan ló jọ owó oṣù. Òun ló ń san rẹ́ǹtì.

12/
Nínú ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ bàtà, iye kan wà tí wọ́n ní wọ́n máa san lọ́dún. Ẹ̀bùn orí rẹ̀ wà tó o bá gba àmì ẹ̀yẹ tàbí tó o bá sá eré tí ẹnikẹ́ni ò sá rí. Èyí ni gbogbo ayé máa ń gbọ́. Ohun tí wọn kì í pariwo ni apá tó sọ nípa gígé owó. O ò sáré tó iye ìgbà tí wọ́n kọ? Wọ́n gé e. O já bọ́ nínú àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé? Wọ́n gé e.

13/
Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe iye yìí o, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ká ní wọ́n kọ 40,000 dọ́là lọ́dún. Ẹsẹ̀ dùn ọ́, o ò sáré tó: wọ́n gé ìdá 25 nínú 100. Ó ku 30,000. Torí o ò sáré, orúkọ rẹ wálẹ̀: wọ́n tún gé 10,000 mìíràn. Ó ku 20,000. Mánéjà mú ìdá 15 tirẹ̀, ìyẹn 3,000. Ó ku 17,000. O ò tíì sanwó kóòṣì, owó ọkọ̀ òfúrufú, owó dókítà tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ tó dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, àti owó orí.

14/
Ẹ kíyè sí i: ìdí kan ṣoṣo, ìyẹn ẹsẹ̀ tó dùn, ló fa gígé méjì. Wọ́n nà án lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan. Kò sì ṣẹ̀ rárá, ara rẹ̀ ló ṣàìsàn.

15/
Kí ló dé tó fi ń dun àwọn sárésáré ọ̀nà jíjìn ju àwọn yòókù lọ? Ẹni tó ń sá 100 mítà lè díje léraléra láàárín oṣù kan. Ẹni tó ń sá márátọ́ọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sábà máa ń sá a lọ́dún, torí ara gbọ́dọ̀ sinmi. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló fi ń múra sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Tí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá já lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìdajì ọdún ti lọ. Ó dà bí àgbẹ̀ kòkó ní Òdìgbò: òjò kan tó bà á jẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀.

16/
Ẹ wá gbọ́ ti àwọn obìnrin. Kara Goucher, ọmọ Amẹ́ríkà, gba àmì ẹ̀yẹ nínú 10,000 mítà ní ìdíje àgbáyé ní Osaka, 2007. Nike ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2010, ó ti lóyún kó tó gbọ́ pé wọn ò ní sanwó fún òun títí òun yóò fi padà sáré. Oyún, wọ́n kà á sí "kò sáré." Bí ẹni pé ó ya ọ̀lẹ.

17/
Ó bímọ ní oṣù Kẹsàn-án. Ó ti fi orúkọ sílẹ̀ fún eré kìlómítà 21 tó máa wáyé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ. Ọmọ wá ṣàìsàn tó le gan-an. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́: ó gbọ́dọ̀ yàn, ṣé kó dúró ti ọmọ, àbí kó lọ fi ẹsẹ̀ wá owó tí wọ́n ti dá dúró. Ó ń bá ìgbaradì lọ. Ní oṣù Kẹrin 2011, ó sá márátọ́ọ̀nù Boston. Ọmọ ò tíì pé oṣù méje.

18/
Nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin tó bá bímọ, a máa gbé omi gbígbóná fún un, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ á wá ṣe olójòjò. A kì í béèrè pé iṣẹ́ mélòó lo ṣe lóṣù yìí. Nígbà tí mo ka ìtàn Goucher, ìyẹn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ìwé àdéhùn ò ní ìyá ọkọ.

19/
Ọdún mẹ́jọ kọjá kí ọ̀rọ̀ yìí tó bọ́ sí gbangba. Ní oṣù Karùn-ún 2019, Alysia Montaño, tó ń sá 800 mítà, tó sì ti fi oyún gbọ̀ngbọ̀n sáré ní ìdíje Amẹ́ríkà lọ́dún 2014, sọ gbogbo rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn New York Times. Goucher náà sọ tirẹ̀. Ìwé àdéhùn wọn ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ ṣá. Láàárín oṣù yẹn kan náà, Allyson Felix, gbajúmọ̀ tó ń sá eré kúkúrú, sọ pé lẹ́yìn tóun bímọ, Nike fẹ́ gé ìdá 70 nínú 100 owó òun.

20/
Ẹ wo Felix o. Wúrà mẹ́fà ló ti gbà ní Olympics nígbà yẹn. Tí wọ́n bá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kí ni wọ́n máa sọ fún ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀?

21/
Nike gbà pé lóòótọ́ ni àwọn ti gé owó àwọn kan nítorí oyún. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n kọ ìlànà tuntun: fún oṣù 18, wọn ò ní gé owó obìnrin tó bá lóyún. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà kéde irú ààbò bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré láti ìgbà tí wọ́n lanu! Ẹnu tí wọ́n fi bébà pa mọ́ fún ọdún mẹ́jọ náà ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

22/
Felix fi Nike sílẹ̀, ó sì dá ilé iṣẹ́ bàtà tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Saysh. Bàtà yẹn ló wọ̀ sáré ní Tokyo nígbà tó gba bàbà nínú 400 mítà. Ẹsẹ̀ tirẹ̀, bàtà tirẹ̀.

23/
Ọkùnrin náà wà nínú ìjà yìí. Boris Berian, tó ń sá 800 mítà, ti ṣiṣẹ́ ní McDonald's rí kó lè máa rówó jẹun. Nígbà tí ìràwọ̀ rẹ̀ tàn, New Balance ní àwọn máa san 125,000 dọ́là lọ́dún fún un, láìsí gígé kankan. Nike ní ìwé tó fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ fún àwọn láǹfààní láti san iye kan náà kí àwọn sì mú un. Berian ní iye lè jọra, ìwé ò jọra: ti Nike ní gígé nínú.

24/
Nike pè é lẹ́jọ́ lọ́dún 2016, ọdún Olympics. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Berian lọ sọ́dọ̀ New Balance, ó sì dé àṣekágbá 800 mítà ní Rio. Torí ẹjọ́ yẹn ni àwa ará ìta fi mọ ohun tó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nǹkan àṣírí ni wọ́n tẹ́lẹ̀.

25/
Kí n má parọ́ mọ́ àwọn ilé iṣẹ́, wọ́n ní àwíjàre. Wọ́n ní: "A ń sanwó kí ayé lè rí bàtà wa. Tí o ò bá sáré, ta ló rí i?" Ọ̀rọ̀ ni. Èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀ tí owó bá jẹ́ tèmi. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: tí sárésáré bá borí, àwọn méjèèjì ló jèrè. Tí ẹsẹ̀ bá dá, òun nìkan ló gbèsè. Ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ òwò.

26/
Korona wá fi hàn gbangba. Ọdún 2020, ìdíje dúró káàkiri ayé. Kò sí eré, kò sí ẹ̀bùn. Àjọ World Athletics ní láti kó 500,000 dọ́là jọ láti fi ran àwọn eléré tí nǹkan ti dẹnu kọlẹ̀ fún lọ́wọ́. Ní Kẹ́ńyà àti Etiópíà, níbi tí sárésáré kan ti lè máa bọ́ odindi ẹbí, ẹ fojú inú wo ọdún yẹn.

27/
Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Nàìjíríà ò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ nínú eré ọ̀nà jíjìn. Àmọ́ láti 2013 ni eré kìlómítà 10 ti Okpekpe ti wà ní Ìpínlẹ̀ Edo. Ọ̀pọ̀ ará Èkó tó ń lọ síbẹ̀, Orè ni wọ́n ń gbà kọjá. Ní oṣù Kejì 2016, márátọ́ọ̀nù Èkó bẹ̀rẹ̀, Access Bank sì ni onígbọ̀wọ́. Abraham Kiptum láti Kẹ́ńyà ló borí, 50,000 dọ́là ló sì gbé lọ sílé.

28/
Mi ò jowú Kiptum. Ó sáré, ó gbà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀bùn ọjọ́ kan kì í tọ́ sárésáré dàgbà. Ọmọ Kẹ́ńyà yẹn wá láti ibi tí mánéjà, kóòṣì àti ilé iṣẹ́ bàtà ti ń wá ọmọ kiri abúlé. Ọmọ tiwa tó lẹ́sẹ̀, ta ló ń wá a?

29/
Nígbà tí onígbọ̀wọ́ ńlá sì wá, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún 2019, àjọ AFN tó ń ṣàkóso eré sísá ní Nàìjíríà bá Puma ṣe àdéhùn ọdún mẹ́rin. Ìwé ìròyìn ní ó tó 2.76 mílíọ̀nù dọ́là. Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gá. Àjọ pín sí méjì. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó eré ìdárayá ní ìwé yẹn ò kan ìjọba.

30/
Tokyo, 2021. Àwọn eléré wa dé Olympics, jẹ́sì Puma ò sí lọ́rùn wọn bó ṣe yẹ. Chukwuebuka Enekwechi, tó ń ju irin, tó ti wọ àṣekágbá, fi fídíò sórí TikTok: ó ń fọwọ́ fọ jẹ́sì kan ṣoṣo tó ní. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kẹjọ, Puma fagi lé àdéhùn náà. Ẹ̀rín tán.

31/
Ní Olympics yẹn kan náà, wọ́n ní mẹ́wàá nínú àwọn eléré wa ò ní díje, torí wọn ò ṣe àyẹ̀wò oògùn tó iye tó yẹ ṣáájú. Àwọn kan gbé páálí, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn ní Tokyo. Ẹ wá padà sí àpẹẹrẹ tí mo ṣe lókè: ìwé tó bá ní "tí o ò bá díje, a gé e," kò ní béèrè bóyá ìwọ lo jẹ̀bi tàbí àjọ rẹ.

32/
Èmi náà ti tọ́ ọ wò. Ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ní kí n máa ṣe fídíò fún ọjà wọn, oṣù mẹ́fà. Inú mi dùn débi pé mi ò ka ojú ewé kẹta. Nígbà tó di oṣù kẹta, ibà dá mi dùbúlẹ̀, fídíò méjì ò jáde. Ìdajì owó ni mo rí. Mo pè wọ́n pẹ̀lú ìbínú. Ọmọbìnrin tó gbé e fohùn jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ wo ìlà kẹrin, mà." Ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

33/
Torí náà, yálà eré lò ń sá tàbí fídíò lò ń ṣe, kó o tó fọwọ́ sí i, béèrè:
– Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo gbọ́dọ̀ ṣe é lọ́dún? Tí kò bá pé, èló lẹ máa gé?
– Tí mo bá ṣàìsàn ńkọ́? Tí mo bá lóyún ńkọ́?
– Ṣé gígé kan lè bí òmíràn?
– Tí ẹlòmíràn bá wá mi wá, ṣé ẹ lè dá mi dúró?
– Owó ń gba ọwọ́ ta ni kó tó dé ọwọ́ mi?
– Ṣé mo lè gbé e lọ kí lọ́yà kà á? Tí wọ́n bá ní rárá, ìdáhùn nìyẹn.

34/
Mo gba Orè kọjá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọmọ kan sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì wa pẹ̀lú ìpékeré, ó fún mi ní méjì, mo na 1,000 náírà sí i, mọ́tò fi eré sí i. Ṣéńjì mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré títí ó fi lé wa bá, ó ju owó náà wọlé, ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. Sálúbàtà ló wọ̀.

35/
Tẹ́ ẹ bá mọ ọmọ tó lẹ́sẹ̀ ní Orè, ní Òdìgbò, níbikíbi, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ẹni tó gbé bàtà dání bá dé, kó lè gba bàtà, kó sì ka bébà.